Àtúnṣe: Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé kò gba ọmọ lọ́wọ́ òbí

Wọ́n ń pín in kiri pé Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lọ́dún 1989 ní kí ìjọba gba ọmọ lọ́wọ́ òbí tó bá bá a wí. Irọ́ ni, ó sì ká mi lára. Abala 5 ní kí ìjọba bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ òbí láti tọ́ ọmọ sọ́nà. Ìwà ipá ni abala 19 kọ̀. Abala 9 ló ṣe kedere jù: wọn ò gbọdọ̀ fi ipá ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, àfi tó bá pọn dandan fún ire ọmọ náà, bíi tí wọ́n bá ń ṣe é níkà. Kódà nígbà náà, òbí gbọ́dọ̀ ráyè sọ tẹnu rẹ̀.