Ẹ má da áyódìn sí táǹkì iyùn láìwọn èyí tó wà nínú omi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ká máa da ìdérí ìgò áyódìn kan sínú táǹkì tí a ti ń sin iyùn (ẹ̀dá inú òkun tó wà láàyè, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) lójoojúmọ́ kí àwọ̀ rẹ̀ lè dán, pé wíwọn iye áyódìn tó wà nínú omi ò pọn dandan. Rárá o. Nínú omi òkun gan-an, áyódìn ò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 0.06 lọ nínú lítà kan! Mo dán irú ẹ̀ wò nílé mi ní Kubwa. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, iyùn ti ká àwọn ọwọ́ kéékèèké tó fi ń mú oúnjẹ kò, kò nà wọ́n mọ́. Kálísíọ́ọ̀mù ni iyùn fi ń kọ́ egungun, ó sì yẹ kó tó bíi mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà omi kan. Ẹ wọn ìyẹn ná. Áyódìn ti wà nínú iyọ̀ òkun tí ẹ ń pò mọ́ omi táǹkì.