Ẹ̀rọ Ìkàwé Tí Wọn Kò Fẹ́ Kà fún Wa

Ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni Amazon gbé Kindle àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìkàwé rẹ̀, jáde, ní 399 dọ́là. Wọ́n ní láàárín wákàtí márùn-ún àbọ̀ ló tán. Mélòó ló tán? Wọn kò sọ. Ẹgbẹ̀rún kan lè tán láàárín wákàtí márùn-ún àbọ̀. Ọ̀kẹ́ márùn-ún náà lè tán.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ látìgbà náà nìyẹn. Ní oṣù keje ọdún 2010, Amazon kéde pé bí òun bá ta 100 ìwé ẹlẹ́yìn líle, òun ń ta 143 ìwé Kindle. Ìwé ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe ẹ̀rọ, ó sì ti lé lọ́dún kan nígbà náà tí ènìyàn ti lè ka ìwé Kindle lórí fóònù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, wọ́n ní Kindle tó ń tà lọ́sẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ṣùgbọ́n Kindle Fire wà nínú rẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wo fíìmù. Ta ló lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì?

Nígbà tí olówó ọjà kò bá sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn á máa fojú bù ú. Àwọn kan ń wo E Ink, ilé-iṣẹ́ Taiwan tó ń ṣe ojú ẹ̀rọ wọ̀nyí, nítorí pé òfin ibẹ̀ mú kí ó máa kéde owó tó wọlé lóṣooṣù. Wọ́n á fi iye owó ojú ẹ̀rọ kan pín owó náà. Àléébù rẹ̀ ni pé E Ink kan náà ló wà lára àmì iye owó orí àtẹ ní àwọn ilé ìtajà ńlá, tí kò kan ìwé kíkà rárá. Ojú ẹ̀rọ sì máa ń kúrò nílé-iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹ̀rọ tó dọ́wọ́ òǹrajà. Ká ní 100,000 jáde, tí 30,000 ṣì wà lórí àtẹ, tí àwọn òǹrajà sì dá 5,000 padà: 65,000 ló tà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ẹ máa bá nínú ìròyìn.

Àwọn mìíràn ń kó nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ jọ, bí àwọn oníṣirò ṣe fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ (tank) Jámánì mọ iye tí wọ́n ń ṣe nígbà ogun àgbáyé kejì. Bí ẹ bá rí márùn-ún, 31, 88, 140, 197 àti 240, ẹ fi 5 pín 240 tó tóbi jù, kó di 48. Ẹ fi kún 240, kí ẹ yọ 1: 287 ni ìfojúbù iye ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe. Ọgbọ́n tó dán mọ́rán ni, bí nọ́ńbà bá tẹ̀ léra. Bí olùṣe bá fi irú ẹ̀rọ àti ìgbà tó ṣe é há àárín nọ́ńbà, tàbí tó fo àwọn kan, ìṣirò náà bàjẹ́.

Ti ìwádìí ẹnu ará ìlú ńkọ́? Pew, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, rí i pé 32 nínú 100 àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ló ní ẹ̀rọ ìkàwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014. Ní 2015, 19 ló kù. Níní nìyẹn, kì í ṣe rírà. Ẹ̀rọ tó ń lo ọdún púpọ̀ lè wà nínú ilé gbogbo kí ọjà rẹ̀ sì ti kú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfófó lásán. Nígbà tí Sony ti ilé ìtàwé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní 2014, Kobo, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ta ẹ̀rọ ìkàwé àti ìwé rẹ̀, ni wọ́n kó àwọn oníbàárà fún. Ẹni tó ń fi owó ra ìwé sórí ẹ̀rọ kan yẹ kó mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ẹni tó tà á fún un ṣì dúró.

Ohun tí a ń bèèrè kò le: kí àwọn olùtà kéde lọ́dọọdún iye ẹ̀rọ ìkàwé tó dọ́wọ́ òǹrajà, kí wọ́n yọ èyí tí wọ́n dá padà, kí tábúlẹ́ẹ̀tì sì dá dúró. Ní tiwa oníròyìn, bí a bá máa tẹ ìfojúbù, kí a tẹ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀. Èyí tí kò bá ní ọ̀nà tó ṣeé ṣàlàyé, kí a fi àyè rẹ̀ tẹ ìròyìn mìíràn.