Túùbù Èmi Fúnra Mi Ni Wọ́n Kì Bọ Họ́ọ̀bù Mi!

Rọ́bà mẹ́rin péré! Rọ́bà mẹ́rin tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, tó ń bẹ nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín táyà ẹ̀yìn ọkadà mi, tó ń gba fífà ṣéènì mọ́ra, ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní Arámọ̀kọ Èkìtì yìí, inú sì ń bí mi débi pé oorun ò kùn mí, mo kúkú jókòó síta mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, tí bátìrì bá kú kó kú, kò sáà sí iná láti ọjọ́ Àìkú.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun máṣíìnì lẹ mọ ariwo tó máa ń pa tí rọ́bà yẹn bá ti jẹ. Gbàgà! Ẹ yí jíà, gbàgà. Ẹ fún un níná díẹ̀, gbàgà. Ẹ jáwọ́ lára iná kẹ́ ẹ lè rọra bọ́ sínú kòtò, gbàgà, ẹni tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn á fi iwájú orí gbá yín nípàkọ́, á wá ní "Ọlọ́kadà, ṣé o ò mọ máṣíìnì gùn ni?" Èmi tí mo ti ń gùn ún láti 2011! Ẹlòmíì á sọ̀kalẹ̀, á yọ igba náírà nínú owó mi, ó ní mo fẹ́ gbé òun ṣubú. Tí mo bá sì gbé máṣíìnì dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ, ṣéènì ló dẹ̀. Wọ́n á fà á le. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á tún fà á le. Ṣéènì tẹ́ ẹ fà le bí okùn gìtá yẹn kọ́ ló ń pa bíárìn tó ń jẹ́ kí táyà yí ni? Kí ló dé tí ẹnì kan ò lè gbé máṣíìnì sórí dọ́bù sítáǹdì, kó fi í sí jíà kìíní, kó di táyà ẹ̀yìn mú, kó mì í síwájú mì í sẹ́yìn? Tí táyà bá ń lọ tó ń bọ̀ tí sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń yí, ò sì kúrò lójú kan, rọ́bà inú họ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn, ó parí. Kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Èmi mọ̀ ọ́n o. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ̀gá mẹkáníìkì pé kí wọ́n bá mi pààrọ̀ rọ́bà, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta. Mo san ₦3,500 owó rọ́bà, mo san ₦2,000 owó iṣẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n ṣe é láìdúró tì wọ́n torí mo ní láti lọ sin òkú kan ní Ẹrìjìyàn. Àṣìṣe mi kan ṣoṣo nìyẹn, mi ò dúró tì wọ́n.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí. Màmá àgbà kan dá mi dúró ní Ìtawúrẹ́, wọ́n ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ní iṣu bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àpò. Ẹ mọ òkè yẹn, ẹ mọ bó ṣe ń yí tó tún ń gòkè, kì í ṣe òkè téèyàn ń fi jíà kẹta gùn tó bá rù. Mo já a sí ìkejì, mo rí i pé kò fẹ́ gbé wa, mo já a sí ìkíní, bí mo ṣe ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ báyìí ni mo gbọ́ "gbàgà!" kan tó yàtọ̀ sí gbogbo gbàgà tí mo ti ń gbọ́ bọ̀, ni ṣéènì bá fò kúrò lórí sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì, ó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀bù, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi. Lójú òkè! Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn wa, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ké. Máṣíìnì dẹ̀gbẹ́, mo fẹsẹ̀ gbè é, Màmá bọ́ sílẹ̀ wọ́n fi orúnkún gúnlẹ̀, okùn àpò já, iṣu bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀. Màmá ò wo orúnkún wọn tó bó o, wọ́n kàn ń pariwo, "Ọmọ mi, uṣu mi o! Uṣu mi o!"

Mo sá tẹ̀ lé iṣu. Ẹlẹ́rù yẹn tẹ bíréèkì, Ọlọ́run ló ṣe é. Mo kó méjìlá jọ láìfarapa, ọ̀kan wọ inú igbó mi ò rí i mọ́, méjì dá sí méjì, inú wọn funfun báláú, erùpẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ ọn, Màmá ń fi etí ìró wọn nù ún díẹ̀díẹ̀ bíi pé ó ṣì lè so pọ̀. Mo ní kí wọ́n gba owó iṣu, wọ́n kọ̀, ṣe ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé iṣu wọn ló wúwo. Kí ni mo fẹ́ sọ? Iṣu wọn ò wúwo. Èmi tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ ni ìyá arúgbó ń bẹ̀ lẹ́bàá títì. Mo fi ₦2,000 há wọn lọ́wọ́ tipátipá, mo wá ẹlòmíì tó gbé wọn lọ, mo yọ ṣéènì kúrò, mo ti máṣíìnì mi padà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tú u fúnra mi. Mo fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, mo tú nọ́ọ̀tì, mo yọ irin bíréèkì, mo fa irin gígùn àárín táyà jáde, mo gbé táyà sílẹ̀. Ibi tí wọ́n de sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ yẹn, tí rọ́bà bá dáa, ẹ máa jà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ lára họ́ọ̀bù. Tèmi bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìdérí ìkòkò. Mo tanná wo inú ẹ̀. Rọ́bà mẹ́rin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà àtijọ́ ni, etí wọn ti yọ́ roboto bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi fọṣọ kù díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú dúdú kún ìdí họ́ọ̀bù. Wọ́n tún wá fi gíríìsì pa gbogbo ẹ̀! Gíríìsì! Ohun tó ń jẹ rọ́bà! Omi ọṣẹ lásán ló tó láti fi ti rọ́bà tuntun wọlé. Gbogbo àlàfo tó kù, wọ́n gé túùbù, wọ́n ká a ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n fi dí i.

Mo fa ọ̀kan jáde, mo ṣí i sílẹ̀ lórí itan mi. Pátíìsì wà lára ẹ̀. Pátíìsì onígun mẹ́ta tí fọ́kánáísà ìdí ọjà bá mi lẹ̀ mọ́ túùbù mi lásìkò ọyẹ́, tí mo bá a jà lé lórí pé kí ló dé tí kò gé e roboto. Túùbù mi ni! Túùbù tí mo sọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yẹn lọ́jọ́ tí mo ra tuntun. Ṣe ni wọ́n gé túùbù ara mi, wọ́n fi dí họ́ọ̀bù ara mi, wọ́n sì gba ₦3,500 lọ́wọ́ mi.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ. Mo kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," torí wọ́n jù mí lọ, mo sì gbé túùbù náà síwájú wọn. Ẹ mọ èsì tí wọ́n fún mi? "Gbogbo wa la máa ń kì í, kó lè le ni." Mo ní rọ́bà tí mo sanwó ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ọmọṣẹ́ ló ṣe é, ọmọ náà sì ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, ó ti lọ sí Adó. Ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́! Kí ni wọ́n kọ́ ọ? Àwọn èèyàn tó ń gòkè Adó báyìí, ta ló máa sọ fún wọn ohun tó wà nínú họ́ọ̀bù wọn?

Mo gbé ìbínú mi dé ọ̀dọ̀ oní-sípéà, pé kí n kúkú ra rọ́bà fúnra mi. Ó kó mẹ́ta síta. Ó ní èyí ni órígínà, èyí ló tẹ̀ lé órígínà, èyí ni ti gbogbo ayé. Mo fi èékánná tẹ "èyí tó tẹ̀ lé órígínà" yẹn, ojú èékánná mi jókòó sínú ẹ̀ kò padà. Ti órígínà náà, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í àti ti ìkejì, ìkan náà ni. Kò sí rìsíìtì, kò sí ìdápadà, "ọjà tá a bá tà a kì í gbà á padà." Epo tó ti gbówó lórí láti 2023 ń jẹ wá, tíkẹ́ẹ̀tì òwúrọ̀ ń jẹ wá, kòtò ojú títì ń jẹ wá, rọ́bà náà tún wá fẹ́ jẹ wá. Kò sì tíì tán níbẹ̀ o, ṣéènì tí mo rà ní ₦18,000 ti lọ, eyín sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ti mú bí eyín ayùn, gbogbo ẹ̀ ti tẹ̀ sápá kan, bíárìn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń ké bí eku. Gbogbo ohun tí rọ́bà yẹn yẹ kó gbà mọ́ra, àwọn ló gbà á.

Àwọn kan á ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé rọ́bà lásán ni. Rọ́bà lásán kọ́ ló fẹ́ẹ́ pa ìyá oníyàá lórí òkè Ẹ̀fọ̀n.

Mo fẹ́ owó mi. ₦5,500, owó ṣéènì, owó sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì, ₦2,000 iṣu Màmá, kí ọ̀gá mẹkáníìkì kó o wá. Kí wọ́n sì tú họ́ọ̀bù yẹn lójú mi, láàárọ̀, nínú oòrùn, kí n fi ọwọ́ ara mi ka rọ́bà tuntun sínú ẹ̀, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.