Èsì wa sí ìràwọ̀ kan tí Alhaja fún wa

Alhaja, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé nípa iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì fún wa ní ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún. A ti rí i. Gbogbo Òṣogbo náà ti rí i, torí láti àárọ̀ ni àwọn oníbàárà wa ti ń fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí?" Èmi ni. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ka ohun tí Alhaja kọ: wọ́n ní àwọn ń san owó fún wa lóṣooṣù kí a máa bójú tó kọ̀ǹpútà àwọn, ọ̀kan kú, odidi ọjọ́ mẹ́ta ẹnikẹ́ni kò yọjú. Wọ́n ní a pa àkọsílẹ̀ ọjà àwọn rẹ́. Wọ́n ní "ọmọ kékeré kan tó ń tẹ fóònù" ni a rán wá. Àwọn nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí mi ò ní fèsì sí.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ mẹ́ta náà. Ìwé tí a ń kọ ìpè sí wà níwájú mi. Jímọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá 2025, aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́, ni ìpè Alhaja wọlé. Àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí ní 3 Oṣù Kejì sọ pé Mọ́ńdè sí Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni a ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ọmọbìnrin tó ń gba ìpè gbé e. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n má tàn án mọ́ títí a ó fi dé. Ẹni tó ń ta ọjà fún Alhaja ló padà sọ fún wa pé wọ́n tún tàn án tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, bóyá ó lè jí.

Ní Sátidé, ọmọ iṣẹ́ wa kúrò ní Òkè-Fíà, ó dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù ní Ìgbọ̀nà ní aago mẹ́jọ kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú. (Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n.) Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Alhaja, Alhaja wà níbi ìnáwó ní Ìkìrun. Orí bẹ́ǹṣì ìyá oníbúrẹ́dì ni ọmọ náà jókòó sí títí aago kan fi lù. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó yọ hard disk (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí) tó ti kú, ó fi tuntun sí i, ó gbé Windows, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, lé e. Kí aago mẹ́fà tó lù, ẹ̀rọ ti tàn. Ó gbé èyí tó kú lọ sílé, ó lo Sọ́ńdè rẹ̀ lórí ẹ̀, Sọ́ńdè tí kò sí nínú àdéhùn. Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá àárọ̀, àkọsílẹ̀ tó ṣeé dá padà ti wà nínú ẹ̀rọ. Alhaja ní kọ̀ǹpútà tí kò ní àkọsílẹ̀ nínú kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n "ẹnikẹ́ni kò yọjú"?

Ọmọ kékeré náà ńkọ́? Ara rẹ̀ ló kéré. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó ní HND, ọdún kẹrin rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyí. Fóònù tó ń tẹ̀, dátà ṣọ́ọ̀bù ló ti tán. Hotspot tirẹ̀ ló tàn, òun ló fi fa Windows sílẹ̀, ó sì ju gígábáìtì márùn-ún lọ. Kò béèrè owó dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo san án fún un.

Ó wá ku àkọsílẹ̀, ibi tó dùn mí jù.

UPS kan wà, àpótí bátìrì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kú bí iná bá lọ, tí a gbé síbẹ̀ fún kọ̀ǹpútà nìkan. Nínú Oṣù Karùn-ún, a bá fìrísà omi tútù lára rẹ̀. A yọ ọ́, a ṣàlàyé: fìrísà máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbéra, UPS kékeré kò lè gbé e. Nínú Oṣù Kẹjọ, fìrísà ti padà síbẹ̀. Bátìrì UPS kú. Láti ìgbà náà, bí iná bá ti lọ, kọ̀ǹpútà náà á kú fin, ì báà jẹ́ àárín ìgbà tó ń kọ nǹkan sínú hard disk. Ẹ̀yin náà mọ iye ìgbà tí iná ń lọ lóòjọ́.

Nítorí irú èyí ni a ṣe so hard disk ìta mọ́ ọn, tó ń da àkọsílẹ̀ kọ lálaalẹ́. Ohun tí àwa oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, lórí oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà níta ilé. A ní kí Alhaja jẹ́ ká fi ẹ̀kẹta sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, ìyẹn ìkùukùu. Ìdáhùn wọn wà lórí fóònù mi: "Kí ni àkọsílẹ̀ mi ń wá lójú ọ̀run?" Ó wá ku hard disk ìta yẹn nìkan. Ní Sọ́ńdè, 19 Oṣù Kẹwàá, ọmọ wọn ọkùnrin yọ ọ́ láti fi gbé fíìmù ìgbéyàwó. Kò dá a padà. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ló sọnù. Èyí tó ṣáájú ni ọmọ iṣẹ́ wa rí yọ nínú hard disk tó kú, ó sì pé pérépéré.

Àléébù tiwa náà wà. Ẹ̀rọ ń kọ̀wé sí wa lálaalẹ́ pé òun kò rí hard disk náà. Ọmọbìnrin wa fi WhatsApp ránṣẹ́ sí Alhaja lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kà á, wọn kò fèsì. Ó yẹ kó pè. Mo gbà. A ti yí i padà: alẹ́ méjì tí ẹ̀dà kò bá wọlé, pípè ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ń wá ẹni tí yóò máa bá yín tọ́jú ẹ̀rọ, tí kò bá tiẹ̀ jẹ́ àwa: ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n dán an wò gbẹ̀yìn láti mú fáìlì jáde nínú ẹ̀dà. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe ẹ̀dà, gbogbo wọn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n ta ni password wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Dídáhùn ìpè yín ọ̀tọ̀, títún ẹ̀rọ ṣe ọ̀tọ̀; kí àdéhùn kọ iye wákàtí tí wọ́n fi máa dáhùn sílẹ̀, kí ó má sì purọ́ nípa ìgbà tí àtúnṣe máa parí. Kí ẹ sì wo ohun tí wọ́n sọ fún yín kí nǹkan tó bàjẹ́. Ní 9 Oṣù Kẹsàn-án, a kọ̀wé sí Alhaja pé 14 Oṣù Kẹwàá ni Microsoft máa dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, àti pé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè gba Windows 11. Wọ́n ní ọjà la fẹ́ tà.

Alhaja, kì í ṣe pé a jẹ yín ní nǹkan kan o, ṣùgbọ́n owó Oṣù Kọkànlá, ẹ gbàgbé ẹ̀. A ó gbé UPS tuntun wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, odidi ọdún kan, a ò ní gba kọ́bọ̀. Ọmọ kékeré yẹn á wá jókòó ọjọ́ méjì, á fi rísíìtì oníwèé yín tẹ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún náà padà sínú ẹ̀rọ. Ìyàwó mi ní ó ti pọ̀ jù. Owó Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá tí ẹ kò tíì san, mi ò tiẹ̀ ní mẹ́nu bà á níbí.

Ẹ ṣáà bá wa gba hard disk wa lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ sọ fún un pé fíìmù tó wà nínú rẹ̀, a ò ní pa á rẹ́.