Ta ni Houston?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì wa gbé bébà mì. Bébà náà yọrí díẹ̀ síta, ó lọ́ po, ó há. Ọ̀gá wa kan tẹ bọ́tìnì títí ó fi sú u. Ló bá dìde, ó di ọwọ́ sẹ́nu bí ẹni mú máìkì, ó ní: "Houston, we have a problem!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi kọ́pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa. Ó yọ́ wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ta ni Houston?"

Mo fẹ́ ní kì í ṣe èèyàn, ìlú ni, ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Lóòótọ́ à ń ki ìlú, "Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé," àmọ́ kò sẹ́ni tó ń retí kí Ìbàdàn dáhùn. Houston inú gbólóhùn yẹn ń dún bí ẹni tó wà lórí fóònù. Ìbéèrè ọmọ yẹn mọ́gbọ́n dání ju ẹ̀rín wa lọ.

Nígbà tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń rán èèyàn lọ sí òfuurufú, Florida ni wọ́n ti ń darí wọn. Àtìgbà ìrìn àjò òfuurufú tí wọ́n pè ní Gemini 4, ní oṣù kẹfà ọdún 1965, ni ìdarí ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó wà ní Houston. Ẹni tó wà lókè, tó bá fẹ́ bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, "Houston" ló máa pè. Kì í ṣe àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ ló ń pè o, àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ nínú yàrá kan ni. Àwa náà ṣáà ń sọ pé "Àbújá ò tíì fọwọ́ sí i." Nígbà tí Neil Armstrong fẹ́ ròyìn pé àwọn ti gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní 1969, orúkọ yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọ̀gá wa ń sín jẹ jẹ́ ti Apollo 13, ìrìn àjò àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan tó ń lọ sí òṣùpá, ní oṣù kẹrin ọdún 1970. Táǹkì ọ́síjìn kan bú gbàmù lára ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ti fi ilé ayé sílẹ̀ ní nǹkan bíi 200,000 máìlì. Jack Swigert, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́kọ́ pè: "Okay, Houston, we've had a problem here." Houston ní kí wọ́n tún un sọ. Jim Lovell, olórí wọn, tún un sọ: "Houston, we've had a problem." "We have" tó wà lẹ́nu gbogbo ayé, fíìmù tí wọ́n ṣe nípa ìrìn àjò náà ní 1995 ló tàn án kálẹ̀.

Tèmi o, ti àkọ́kọ́ ló wù mí jù. "We have" ń pariwo, ó ń wá ẹni tó máa gbà á. "We've had" rọra ń jíṣẹ́ ni, bíi màmá àgbà tó ṣubú ní balùwẹ̀, tí kò lọgun, tó kàn pe ọmọ rẹ̀ pé, "Wá ná, nǹkan ti ṣe mí níbí." Ìwọ tó gbọ́ ni àyà rẹ máa já. Láyọ̀ ni wọ́n kúkú padà sílé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Orúkọ ọ̀hún gan-an wá nítàn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tó ń jẹ́ Allen ló tẹ ìlú náà dó ní 1836, wọ́n sì fi sọrí Sam Houston, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun àwọn ará Mexico ní San Jacinto lọ́dún yẹn kan náà. Orúkọ ìdílé Houston fúnra rẹ̀, láti ara abúlé kan ní Scotland ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "ìlú Hugh" lọ, bí àwa ṣe ń pe abúlé ní Abà Àlàó. Ẹ bá mi wò ó: Hugh di abúlé, abúlé di orúkọ ìdílé, orúkọ ìdílé di ìlú ńlá, àwọn tó wà lókè sì tún sọ ìlú ńlá di ẹni à ń pè. Kọ́pà tó ní "ta ni" kò kúkú ṣìnà.

(Ẹ má gbé e dé New York o. Òpópónà Houston tó wà níbẹ̀, "Haústìn" ni wọ́n ń pè é, torí ẹlòmíì tó ń jẹ́ William Houstoun ni wọ́n fi sọ. Mo pè é bíi ti Texas lọ́jọ́ kan, awakọ̀ tákísí sì wò mí nínú dígí rẹ̀ bí ẹni rí ará oko.)

Ibì kan ṣoṣo ni àwàdà yìí ti máa ń bí mi nínú: káwọn èèyàn máa fi í ṣeré nígbà tí àjálù bá dé bá ìlú yẹn fúnra rẹ̀. Nígbà ìjì Harvey ní 2017, tí omi bo àdúgbò tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé níbẹ̀, mo rí i tí wọ́n ń pín in kiri pẹ̀lú àwòrán ẹ̀rín. Ẹni tí à ń ké sí ló bọ́ sómi, ta ni kí òun náà wá ké sí?

Lánàá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tún há. Kọ́pà ló lọgun lọ́tẹ̀ yìí: "Houston!" Ìyá tó ń bá wa gbálẹ̀ dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Ó ti lọ jẹun."