Ohun tó fúyẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú lè má fúyẹ́ lábẹ́ omi

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń mòòkùn nínú òkun, mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ ẹrù fífúyẹ́ tí gbogbo wa ń lé kiri. Àwa tí a ń gbé ní London, tí a máa ń lọ sí Òkun Pupa ní Íjíbítì nígbàkúùgbà tí àyè bá yọ, kílò ni ọ̀tá wa. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gbà ju kílò 23 lọ nínú àpò kan, àwọn mìíràn kì í gbà tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Bẹ́ẹ̀, ohun èlò ìmòòkùn ẹnì kan ṣoṣo lè tó kílò 15 kí a tó ki ṣòkòtò kan bọ̀ ọ́. Mo mọ bó ṣe ń ni èèyàn lára. Àmọ́ ọ̀nà tí a ń gbà dín kílò náà kù ló ń kọ mí lóminú, torí pé òṣùwọ̀n pápákọ̀ nìkan là ń wò. Omi ní òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú BCD, ẹ̀wù tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kí a má baà rì kọjá ibi tí a fẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ lè wọn kílò 4. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ìrìnàjò lè sún mọ́ kílò 2. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ki fóòmù sí ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀ kó lè rọ̀ yín lára nínú ṣọ́ọ̀bù, fóòmù yẹn á máa léfòó ni. Ohun tó bá sì ń léfòó, òjé la fi ń rì í. Kílò tí ẹ yọ kúrò nínú àpò ní pápákọ̀ Gatwick, ẹ ó tún so ó mọ́ ìbàdí ní Hurghada ní Íjíbítì. Bí òjé bá pọ̀, inú BCD náà gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, ìdí á máa wọ́ wálẹ̀, ẹsẹ̀ á máa wa omi lásán, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí á sì tètè tán.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó wá èyí tó jẹ́ okùn pẹlẹbẹ àti àpò afẹ́fẹ́ kékeré kan lẹ́yìn, láìsí tìmùtìmù. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ tẹ gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ tì í sínú omi, kí ẹ wò ó bóyá á lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ń padà wá sókè, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ní ti àwa tí a ń lo páànù lẹ́yìn dípò ẹ̀wù, èyí tí wọ́n fi irin ṣe ń lọ sí bíi kílò 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀; ti alumíníọ́mù kò ju bíi kílò kan lọ. Páànù onírin wúlò nínú àwọn adágún tútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí aṣọ wa ti nípọn, torí pé ó ń gba ipò òjé. Tó bá di ìrìnàjò, ilé ni kó wà. Ibùdó ìmòòkùn tí ẹ ń lọ ní òjé àti sìlíńdà, àgbá afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ẹ kò ní gbé èyíkéyìí nínú wọn wọ bàálù.

Sìlíńdà yẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára tó báyìí. Alumíníọ́mù tó ń gba lítà 11 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n rọ kún inú rẹ̀ wọn ju kílò 2 lọ, nítorí náà bí ẹ bá ṣe ń mí i tán, bẹ́ẹ̀ ni sìlíńdà ń fúyẹ́, títí tí òun náà á fi máa fẹ́ léfòó. Ìgbà yẹn náà ló yẹ kí ẹ dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó yọ sójú omi. BCD olófóòmù rọ̀bọ̀tọ̀, aṣọ rọ́bà àti sìlíńdà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, gbogbo wọn á jọ máa fà yín lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi wọn òjé yín, kì í ṣe ìgbà tí sìlíńdà kún.

Aṣọ ńkọ́? Nígbà ooru, omi Òkun Pupa máa ń gbóná tó ìwọ̀n 28 lórí Celsius, aṣọ rọ́bà tó nípọn tó mìlímítà 3 sì tó. Ní oṣù kejì ọdún, ó lè wálẹ̀ sí 22 tàbí 21. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí kílò kan gbé aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ nígbà náà. Ẹni tí òtútù ń mú á máa mí lódìlódì, ọkàn rẹ̀ kò sì ní sí lára ohun tó wá wò.

Fíìnì, bàtà gígùn pẹlẹbẹ tí a fi ń ti omi sẹ́yìn, ni mo gbà pé kí ẹ dín kù dáadáa. Àwọn onírọ́bà wíwúwo lè tó kílò 3 méjèèjì, ẹ sì máa rí èyí tó tó ìdajì rẹ̀. Kìkì pé kó má rọ̀ jù. Ẹni tó bá ti lọ síbi ọkọ̀ SS Thistlegorm nínú Òkun Pupa, tí bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì rì ní oṣù October 1941, mọ bí omi ibẹ̀ ṣe lè máa ṣàn tó. Ó wà nílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 30 pẹ̀lú alùpùpù àti ọkọ̀ ológun nínú rẹ̀. Fíìnì tó bá ń ká lábẹ́ ẹsẹ̀ kò ní gbé yín dé ibi okùn tí ẹ ó dì mú gòkè.

Régúlétọ̀, ohun tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, ni mi ò ní bá yín dúnàádúrà lé lórí. Ẹ ra èyí tí mímí rẹ̀ kì í le sí i bí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ṣe ń lọ sílẹ̀, bó bá tilẹ̀ fi díẹ̀ wúwo ju èkejì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó fúyẹ́, ẹ mú oríṣi DIN, tí a ń yí wọnú ẹnu sìlíńdà, ó fúyẹ́ ju yoke lọ, èyí tí a ń dè mọ́ ẹnu sìlíńdà láti òde. Ní Íjíbítì, ọ̀pọ̀ sìlíńdà gba méjèèjì. Ní Káríbíánì, yoke ló wọ́pọ̀, ẹ mú àsopọ̀ kékeré rẹ̀ dání. Régúlétọ̀ tí wọ́n fi títáníọ́mù ṣe fúyẹ́, iyọ̀ kì í sì í jẹ ẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ ga, kò sì yẹ fún ẹni tó ń lo afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn inú rẹ̀ ju ìdá 40 nínú 100 lọ, torí ó lè gbiná. Àpò ọwọ́ ni kí régúlétọ̀ wà, òun àti másìkì àti kọ̀ǹpútà ọrùn-ọwọ́, pẹ̀lú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí ẹ mú ní àfikún, torí wọn ò gbà á nínú ẹrù abẹ́ bàálù. Bí àpò ńlá bá sọnù, ẹ lè yá ìyókù.

Àwọn kan á ní kí a kúkú yá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo gbà fún un. Ẹni tó ń lọ léraléra, kó ní tirẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láìwò ó.

Ohun kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ yọ kúrò nínú àpò láé: bọ́yà pupa gígùn tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kí ọkọ̀ ojú omi lè rí wa, àti okùn rẹ̀. Méjèèjì kì í sábà wọn tó kílò kan. Bí omi bá gbé yín jìnnà, orí èèyàn kò ṣeé rí láàárín ìgbì.

Ní ti àpò fúnra rẹ̀, ẹ jù àpótí líle yẹn sílẹ̀. Òfìfo rẹ̀ nìkan lè tó kílò 4 sí 5.

Kí ẹ sì tó máa bọ̀ wálé, Divers Alert Network, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn tó ń mòòkùn, dámọ̀ràn pé kí ẹni tó ti mòòkùn fún ọjọ́ mélòó kan dúró ó kéré tán wákàtí 18 kó tó wọ bàálù. Àkókò yẹn tó láti fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo nǹkan, kí ẹ yí aṣọ síta, kí ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ dojú BCD dé, kí ẹ da omi inú rẹ̀ dànù, torí omi máa ń wúwo, aṣọ rọ́bà tí kò tíì gbẹ nìkan sì lè fi kílò kan tàbí méjì lé ẹrù yín.