CAST tó dé lẹ́yìn ìpín ò lè dá kọ́bọ̀ padà

Wọ́n tún ti ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ SQL, èdè tá a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, pé bí ìpín ò bá mú dẹ́símà jáde, kí wọ́n ṣáà fi CAST, àṣẹ tó ń yí irú nọ́ńbà padà, ká a mọ́, ó parí. Kò parí o. Ẹ tẹ ìlà yìí sínú dátábéèsì PostgreSQL tàbí SQL Server:

SELECT CAST(4599/100 AS DECIMAL(10,2));

45.00 ló máa jáde, torí DECIMAL(10,2) ní kí nọ́ńbà méjì wà lẹ́yìn àmì dẹ́símà. Bẹ́ẹ̀, kọ́bọ̀ 4599 jẹ́ náírà 45 àti kọ́bọ̀ 99. Kọ́bọ̀ 99 ti pòórá, òdo méjì ló wá jókòó sípò rẹ̀. Ká ní 45 lásán ló jáde ni, ẹni tó ń wò ó ì bá fura, 45.00 yìí jọ owó tó pé. Àwọn iléeṣẹ́ ìsanwó kan máa ń fi kọ́bọ̀ ka owó ránṣẹ́ ní odidi nọ́ńbà, nítorí náà ìpín yìí kì í ṣe eré. Kọ́bọ̀ 99 lórí ìlà 10,000, náírà 9,900 nìyẹn.

Inú àkámọ́ ni dátábéèsì ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rí 4599, odidi ni. Ó rí 100, odidi ni. Odidi tí wọ́n bá sì fi odidi pín, odidi náà ló máa bí: ó gé ìyókù dànù, kì í tilẹ̀ sún un sókè. Ìgbà tí CAST á fi dé, 45 ló bá nílẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Column (òpó inú tábìlì) tí ẹ dá ní DECIMAL ò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá da 45 yẹn sínú rẹ̀.

Ṣáájú ìpín ni kẹ́ ẹ ti yí i padà, ẹyọ kan nínú nọ́ńbà méjèèjì sì ti tó:

SELECT CAST(4599 AS DECIMAL(10,2))/100;
SELECT 4599/100.0;

Òdo rẹpẹtẹ lè tò tẹ̀ lé 45.99 náà. Ibẹ̀ ni CAST ti ìta ti wúlò, láti fi gé òdo, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń tò ó o: 4599*1.0/100 fún wa ní 45.99, àmọ́ 4599/100*1.0 ò kọjá 45.0. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún náà ńkọ́, bíi ká wá ti 45 nínú 60? 45/60*100 á bí òdo, 100.0*45/60 á bí 75.

Ọ̀rọ̀ AVG, tó ń wá ìpíndọ́gba, ò yàtọ̀ nínú SQL Server. Bí 3 àti 4 bá wà nínú column x tó jẹ́ INT (odidi nọ́ńbà), CAST(AVG(x) AS DECIMAL(5,2)) á ní 3.00 ni. AVG(x*1.0) ló máa sọ 3.5.

Àwọn tó ní "ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi", MySQL tàbí Oracle ni wọ́n ń lò. MySQL á fún wọn ní 45.9900 láìsí CAST kankan. Kí ni CAST wá ṣe níbẹ̀?

Àwọn mìíràn á tún kọ DECIMAL láìsí nọ́ńbà nínú àkámọ́. SQL Server máa kà á sí DECIMAL(18,0), MySQL máa kà á sí DECIMAL(10,0), 45.99 yín á sì di 46. Ní SQLite, CAST(4599 AS DECIMAL)/100 ṣì máa jẹ́ 45, torí odidi ṣì ni 4599 níbẹ̀ lẹ́yìn CAST náà. REAL, irú nọ́ńbà tó ń gba dẹ́símà, ni kẹ́ ẹ kọ níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán query yín wò, ẹ má fi 5000 dán an wò. 50.00 ni ti ẹni tó ṣe é dáadáa, 50.00 náà ni ti ẹni tó ṣì í. 4599 ni kẹ́ ẹ lò. Tí 45.00 bá jáde, ẹ wá ibi tí / ti wọ inú àkámọ́ CAST.